Gbèsè Sátidé

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi.
Ó ń ru aṣọ àwìn kúrò n'Íléṣà,
ó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí ọbẹ̀ fi ń jóná lórí ààrò,
títí wọn yóò fi ka owó lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú èébú.
Èmi kò ta aṣọ. Gìtá ni mo ń ta.
Ṣùgbọ́n mo mọ òṣó í ló.

Lọ́dún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí títì Òkè-Ẹsọ̀,
ẹ̀yìnkùlé Màmá Fúnmbi la ti ń ṣeré,
lábẹ́ páànù tó jò bí ajere.
Fájémiṣìn di báàsì mú,
Ògúnmọ́dẹdé ń fọn fèrè idẹ,
Lápàdé télọ̀ wà nídìí ìlù òyìnbó:
ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́sàn-án
náà ló fi ń tẹ ìlù ńlá lálẹ́.

Ìparí oṣù ni kí ẹ wá wò wá!
Tíṣà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀,
àwọn tó ti ilé-iṣẹ́ ọtí bọ̀
tí òórùn ọkà bàbà ṣì wà lára ẹ̀wù wọn.
Àga tán, wọ́n jókòó sórí kéèsì.
Ẹnìkan gun igi máńgòrò kó lè rí wa,
ẹ̀ka kán, ó bọ́ sílẹ̀ gbì,
ó sì ń jó níbi tó ṣubú sí.
Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ka ẹgbàajì náírà,
mo rò pé mo ti dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ má bi mí ní ọjọ́ tó bàjẹ́.
Ọjọ́ tí òjò rọ̀ kọ́ ni ògiri ń wó.
Epo jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ bù wá jẹ.
Owó oṣù àwọn èèyàn di ààbọ̀,
ààbọ̀ di ìlérí.
Ọmọkùnrin kan wá ti Ìbàdàn dé
pẹ̀lú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ,
òun nìkan, kò bèèrè oúnjẹ,
kò ní Lápàdé tí yóò gba owó ọkọ̀.
Ó tẹ bọ́tìnnì, ogún fèrè dún lẹ́ẹ̀kan náà.
Ògúnmọ́dẹdé wò ó,
ó nu ẹnu fèrè tirẹ̀,
ó ní, "Ó dára o.
Ṣùgbọ́n kò lè mí."

Ó ta fèrè náà ní Èrèjà
nígbà tí owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ délẹ̀.
Ṣọ́ọ̀ṣì gba Fájémiṣìn, wọ́n fún un ní báàsì tuntun,
wọ́n ní kó má mì ìdí.
Èmi lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà Màmá Fúnmbi
nítorí gbèsè Sátidé mẹ́fà.
Ó gbé àga fún mi, mo kọ̀ ọ́.
Òun náà bá lóṣòó tì mí, ó ní,
"Ta ni kí èmi lọ lóṣòó tì?"
A dákẹ́.
Máńgòrò kan já lu páànù, gbàà,
ó yí gbiri-gbiri dé etí òrùlé.
Ìlù alẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá,
níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò n'Ímọ̀,
mo gbọ́ gìtá tí okùn kejì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.
Ọmọ mẹ́rin. Báàkẹ́tì ni ìlù wọn.
Èèyàn mọ́kànlá ló ń wò wọ́n,
mẹ́ta nínú wọn ń dúró de mọ́tò wọn.
Ọmọbìnrin kan, Fadérera, wọ aṣọ ilé-ìwé,
ó ń fọn fèrè idẹ tí etí rẹ̀ tẹ̀
bí èyí tí Ògúnmọ́dẹdé fi gbá ọ̀mùtí lórí nígbà kan.
Ó lè jẹ́ òun.
Fèrè tó tẹ̀ pọ̀ láyé.
Kó tó gbé e sẹ́nu, ó mí kanlẹ̀,
èjìká rẹ̀ gòkè.

Mo bá wọn fa okùn kejì le díẹ̀.
Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní Sátidé.
Mo bi wọ́n pé èló ni ẹ ń san,
wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nù.
Mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kan.
Orúnkún ń ro mí.
N kò tíì dìde.